Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Mọ Bí A Ti Ń Wọn Ọ̀rọ̀



Kò sí oníṣòwò tí í ra kòkó láìgbé e ka òṣùwọ̀n. Ọ̀rọ̀ ẹnu ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ń rà á láìwọ̀n. Nígbà tí ètò MMM dá owó àwọn ènìyàn dúró ní Disẹ́ńbà 2016, àwọn tí ó kàwé wà nínú àwọn tí ó sunkún. Wọ́n ti wí pé, “Lágbájá ti gba èrè tirẹ̀, nítorí náà òótọ́ ni.” Ìrònú yìí kò tọ́. Owó àwọn tí ó wọlé lẹ́yìn ni a fi ń san ti àwọn ìṣáájú. Pé a san owó kò fi hàn pé òwò kan wà.

Mo fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ girama kọ́ àwọn ọmọ ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ọ̀rọ̀ náà wí? Kí ni ẹ̀rí rẹ̀? Ǹjẹ́ ẹ̀rí náà tó gbé e dúró?

Àwọn kan yóò ní èyí yóò sọ ọmọ di aláfojúdi. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Suratul Hujurat, aya 6, pàṣẹ pé kí a wádìí ìròyìn tí arúfin bá mú wá. Imam al-Ghazali, tí ó kú ní 1111, kọ odidi ìwé lórí ìrònú, ó sì pè é ní Òṣùwọ̀n Tí Ó Tọ́. Ọmọ lè dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tán, kí ó sì fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè ẹ̀rí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bá àwọn olùkọ́ sọ ọ́. Kí Allah fún wa ní òye. Amin.