Ìráhùn Asanwó-orí Amẹ́ríkà, àti Ohun Tí Ó Kàn Wá Níbẹ̀

Àwọn baba wa a máa sọ fún wa nípa ìgbà ogun Hitler, nígbà tí iyọ̀ wọ́n bí ojú, tí àwọn oníṣòwò ńláńlá kò sì fẹ́ tà á fún ẹnikẹ́ni bí kò bá ní ra ọjà mìíràn mọ́ ọn, ọjà tí ó ti pẹ́ lórí àtẹ tí ẹnì kan kò béèrè. Ẹni tí ó ń wá iyọ̀ kò ní ohùn; yóò san owó méjèèjì, yóò sì máa ráhùn lọ sílé. Irú ìráhùn yìí gan-an ni ó wà lẹ́nu àwọn asanwó-orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ọdún mélòó kan wá, ọ̀rọ̀ náà sì kàn wá ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò lọ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, Ilé Aṣòfin wọn fi ọwọ́ sí àbá òfin kan ṣoṣo tí owó inú rẹ̀ tó tírílíọ̀nù dọ́là 2.3. Owó àwọn ọmọ ogun wà nínú rẹ̀. Ìrànwọ́ fún àwọn tí àrùn kòrónà sọ di aláìníṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Bílíọ̀nù dọ́là 1.3 fún ohun ìjà àwọn ọmọ ogun Íjíbítì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé náà ju ojú ewé 5,000 lọ, ọjọ́ kan náà tí a gbé e jáde ni a sì dìbò lé e lórí. Mẹ̀kúnnù gbọ́ pé dọ́là 600 ni ti òun, ó sì gbọ́ iye tí ó jẹ́ ti Íjíbítì. Ààrẹ Trump fúnra rẹ̀ kígbe pé ohun ìtìjú ni. (Ìjọba tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ béèrè owó Íjíbítì náà.) Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ó fi ọwọ́ sí i.

Ti ọdún 2024 tún wá burú jù. Bílíọ̀nù dọ́là 95 ni a fẹ́ ná, èyí tí ó pọ̀ jù fún Yukréènì, ìyókù fún Ísírẹ́lì, fún Taiwan àti fún àwọn alábàágbé rẹ̀. Nígbà tí ariwo pọ̀, Mike Johnson, olórí Ilé Aṣojú, pín ẹrù náà sí mẹ́rin kí olúkúlùkù lè dìbò bí ọkàn rẹ̀ ti wí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin, àwọn 311 gbè sẹ́yìn Yukréènì, àwọn 112 kọ̀ ọ́, àwọn tí ó kọ̀ nínú ẹgbẹ́ Johnson sì pọ̀ ju àwọn tí ó gbà lọ. A rò pé ẹ̀kọ́ ti yé wọn. Àṣé ìlànà tí wọ́n ti fi ọwọ́ sí ṣáájú ìbò náà ni pé, bí wọ́n bá ti dìbò tán, kí a tún di mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ kí a tó gbé e lọ sí Ilé Aṣòfin Àgbà! Ọ̀rọ̀ TikTok, èyí tí àwọn ọmọdé fi ń jó lórí fóònù, wà nínú ẹrù kan náà. Bernie Sanders, tí ó fẹ́ràn Yukréènì ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí a fi ohun ìjà kún ti Ísírẹ́lì, kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó kọ gbogbo rẹ̀. Àwọn 79 gbà, àwọn 18 kọ̀. Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ní ti ìdìpọ̀ yìí, asanwó-orí náà jàre pátápátá. Ẹni tí ó fi òógùn ojú rẹ̀ san owó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí aṣojú rẹ̀ fi ọwọ́ sí, kí aṣojú náà má sì lè sá sẹ́yìn àwọn ọmọ ogun kí ó máa wí pé nítorí tiwọn ni òun ṣe dìbò.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Nínú nǹkan bí bílíọ̀nù 61 tí a pè ní ti Yukréènì, nǹkan bí 23 ni a yà sọ́tọ̀ láti fi dí ohun ìjà tí a kó kúrò nínú àká Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni ó ń rọ ohun ìjà bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ni ó sì ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìrànlọ́wọ́ fún òkèèrè kò ju nǹkan bí dọ́là kan lọ nínú ọgọ́rùn-ún tí ìjọba wọn ń ná, bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí ti fi hàn lọ́pọ̀ ìgbà pé àwọn ará ìlú rò pé ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Àjèjì ni wọ́n ń bínú sí. Ẹni tí ó di ẹrù ni ó yẹ kí wọ́n mú.

Nígbà tí ìbínú náà sì ya, ta ni ó lù? Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Trump, tí ó ti padà sórí oyè, dá ìrànlọ́wọ́ òkèèrè dúró fún 90 ọjọ́. A yọ owó ohun ìjà Ísírẹ́lì àti ti Íjíbítì sílẹ̀, kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ ìlera ni ó dúró, títí kan èyí tí ó ń pín oògùn éèdì lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ wa, kí wọ́n tó yọ àwọn oògùn tí ń gba ẹ̀mí là sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, a ti ilẹ̀kùn àjọ USAID tí Kennedy dá sílẹ̀ ní 1961.

Ní oṣù Kejì ọdún náà, Ilé Aṣòfin wa ní Abuja sáré fi mílíọ̀nù dọ́là 200 kún owó ìlera láti dí àlàfo náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọlọ́lá tí a dìbò fún dá wa lóhùn: níbo ni owó yìí wà ní ọdún 2024, nígbà tí asanwó-orí Amẹ́ríkà ń ra oògùn fún aláìsàn wa?