Ẹ Yé Pín Ìbọ̀wọ́ Òwú fún Oníṣẹ́ Sìmẹ́ǹtì

Ẹni tó bá ń gbé ní Ijede, tàbí tó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ wọ ọkọ̀ láàárọ̀ lọ sí Ìkòròdú, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ọwọ́ oníṣẹ́ fún un. Ó ti rí ọwọ́ bíríkìlà tí sìmẹ́ǹtì là yánnayànna. Ó ti rí ọwọ́ wẹ́dà tí iná ta sí, ọwọ́ obìnrin tó ń yan ẹja létí ọ̀sà, ọwọ́ ọmọ tó ń já irin rọ́ọ̀dù sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Pé iṣẹ́ le kọ́ ló ń bí wa nínú. Iṣẹ́ ti le látijọ́. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé irú ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo, òwú funfun tí wọ́n kán rọ́bà tó-tò-tó sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ni wọ́n ń pín fún gbogbo wọn, bí wọ́n bá tilẹ̀ pín rárá.

Kì í ṣe pé a ò ní òfin. Òfin Ilé-iṣẹ́ ti 1987 sọ ọ́ gbangba pé níbi tí omi tàbí ohun tó ń pa ara lára bá ti ń kan òṣìṣẹ́, aṣọ ìdáàbòbò tó yẹ gbọ́dọ̀ wà fún un, títí kan ìbọ̀wọ́ tó yẹ níbi tó bá ti pọn dandan. Ìpínlẹ̀ Èkó náà dá àjọ ààbò tirẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn Lagos State Safety Commission, nípa òfin 2011. Síbẹ̀, àǹfààní àwọn òfin yìí kò dé ọwọ́ lébírà.

Àwíjàre kan wà tó ń mú inú wa ru. Bí ẹ bá tọ ọ̀gá lọ, kí ẹ bi í léèrè ìbọ̀wọ́, èsì rẹ̀ ti wà lẹ́nu: “A fún wọn o. Àwọn ni ò wọ̀ ọ́.” Yóò nawọ́ sí ìbọ̀wọ́ tí wọ́n bọ́ sórí òkìtì yanrìn. “Ṣé ẹ rí i fúnra yín báyìí? Ẹ bá àwọn ọmọ yín wí.”

Ó tó gẹ́ẹ́! Kí ẹ tó bá ọmọ wí, ẹ gbé ìbọ̀wọ́ náà yẹ̀ wò. Ẹni tó ń po sìmẹ́ǹtì tàbí tó ń tẹ búlọ́ọ̀kù, omi ni yóò kan ọwọ́ rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Òwú a máa mu omi. Omi sìmẹ́ǹtì sì ní irú oró tó wà nínú omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú, ó ń jẹ ẹran ara lọ díẹ̀díẹ̀ kí olúwarẹ̀ tó mọ̀. Lórí ìyẹn, èròjà kan tún wà nínú ọ̀pọ̀ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní chromium, èyí tí awọ ara ẹlòmíràn lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ títí ayé. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba sìmẹ́ǹtì díẹ̀ ti tó láti mú ọwọ́ wú kó sì máa yún. Ìbọ̀wọ́ òwú tó ti rin gbìndìn wá lẹ omi yìí mọ́ ara fún wákàtí mẹ́fà. Ọmọ tó bọ́ ọ sọnù, tó sáré lọ fọwọ́, gbọ́n ju ọ̀gá tó fún un lọ! Ìbọ̀wọ́ tí omi ò lè wọ̀, bíi nitrile tàbí PVC tó gùn kọjá ọrùn ọwọ́, ni iṣẹ́ yẹn ń fẹ́.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Bí iná bá ta sí ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi ọ̀rá àti rọ́bà ṣe, yíyọ́ ni yóò yọ́ mọ́ awọ ara. Awọ màlúù ni wẹ́dà nílò. Ẹ bọ́ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì: ìbọ̀wọ́ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò, tí wọ́n ń pè ní latex, kì í bá pẹtiróòlù àti ọ́ọ̀lì ṣe é, ó máa ń wú, ó máa ń fà, ó sì máa ń ya. Nitrile ló lè dúró ti ọ́ọ̀lì. Ṣùgbọ́n nitrile yìí kan náà kì í pẹ́ kó tó wú kó sì bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fi acetone fọ nǹkan. Kò sí ìbọ̀wọ́ tó mọ gbogbo iṣẹ́ ṣe.

Ibì kan sì wà tí kò yẹ kí wọ́n wọ irú ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ń pín yìí rárá. Ẹ̀rọ tó ń yí, bí ẹ̀rọ ìlurin tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin róbótó, bó bá fi ehín kan etí ìbọ̀wọ́ báyìí, yóò fa gbogbo ọwọ́ wọlé. Ọ̀gá tó ń pariwo mọ́ ọmọṣẹ́ pé kó wọ ìbọ̀wọ́ nídìí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ó ń rán an lọ sọ ìka rẹ̀ nù ni.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tún le ju èyí lọ, ó sì kàn wá ní tòótọ́, nítorí ẹ̀gbẹ́ wa níbí ni ilé-iṣẹ́ amúnáwá Egbin wà, tó lè pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320. Iná inú ilé kò ju fóòtì 230 sí 415 lọ, ṣùgbọ́n 11,000 àti 33,000 ló ń gba orí òpó àdúgbò kọjá. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà oníná ní ìpele tirẹ̀: ìpele 0 kò gbọdọ̀ kọjá fóòtì 1,000, ìpele 2 dé 17,000, ìpele 4 dé 36,000. Awọ ni wọ́n ń wọ̀ lé e kí nǹkan má baà gún un. Wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kí wọ́n tó lò ó, kí wọ́n lè gbọ́ bó bá ti lu, wọ́n sì ń dá a padà fún àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Oníná àdúgbò tó fi ìbọ̀wọ́ gólìkípà tàbí ti ìfọbọ́ gun òpó, ìgboyà lásán ló wọ̀ sọ́wọ́.

Ẹni tó bá ṣì rò pé àìgbọràn òṣìṣẹ́ nìkan ni gbogbo wàhálà yìí, kó gbọ́ ti Karen Wetterhahn, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́místírì ní Dartmouth, l'Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹjọ 1996, èkán oró dimethylmercury díẹ̀ ta sí ìbọ̀wọ́ latex tó wọ̀. Obìnrin yìí kò ṣàìgbọràn; ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá dán irú ìbọ̀wọ́ náà wò lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 15 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ni oró náà ń la irú ìbọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá. Ó kú ní oṣù Kẹfà 1997. Bí ìbọ̀wọ́ tí kò bá ewu mu bá lè pa ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ni a ń retí kó ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ń kọ́ṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù?

Àwọn kan á ní owó ò sí. Owó tí ẹ fi ń ra méjìlá-méjìlá òwú tó ń ya láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kó o jọ kí ẹ wò ó.

Ohun tí a ń fẹ́ rèé. Èkíní, kí ọ̀gá tó ra ìbọ̀wọ́, kó dúró ti iṣẹ́ náà, kó wo ohun tó ń kan ọwọ́ gan-an: ṣé ohun mímú ni, ohun gbígbóná, omi, oró, iná, àbí ẹ̀rọ tó ń yí? Kó kọ ọ́ sára ògiri, ní èdè Yorùbá, irú ìbọ̀wọ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà àti iṣẹ́ tí kò gbà á. Lẹ́yìn náà, kó ra oríṣi méjì tàbí mẹ́ta, kó fi fún àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọwọ́ ò dọ́gba. Ìbọ̀wọ́ tó tóbi jù kì í jẹ́ kí ọwọ́ di irin mú, èyí tó há jù ń pa ìka kú. Ẹni tí wọ́n bá sì gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yan ìbọ̀wọ́ kì í ṣòro láti mú kó wọ̀ ọ́. Kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti lu, kì í ṣe bí oṣù bá parí.

Èkejì, kí ìjọba ìbílẹ̀ ìdàgbàsókè Ijede kọ pípèsè ìbọ̀wọ́ tó yẹ sínú ìwé gbogbo iṣẹ́ gọ́tà àti ọ̀nà tó bá gbé fún kọngílá, kí wọ́n má sì san owó tó kù fún ẹni tí kò bá ṣe é. A ò rí ọ̀nà mìíràn tó yá ju èyí lọ, nítorí kọngílá tó bá mọ̀ pé owó òun wà nínú rẹ̀ kò ní dúró de kí ẹnikẹ́ni wá wàásù fún òun.

Kí ẹgbẹ́ wẹ́dà, ẹgbẹ́ bíríkìlà àti ẹgbẹ́ oníná fi ìmọ̀ nípa ìbọ̀wọ́ kún ohun tí ọmọṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó gba òmìnira. Kí omi mímọ́ àti ọṣẹ wà níbi iṣẹ́. Kí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja náà wọ inú ètò, nítorí iná ń jó wọn. Kí àwọn tó ń ta ìbọ̀wọ́ yé fi èké àmì EN 388, ìyẹn àmì ìdánwò agbára ìbọ̀wọ́, lu oníbàárà ní jìbìtì. Kí àjọ ààbò ìpínlẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan.

Kí ọ̀gá tó bá ti yọ owó ìbọ̀wọ́ nínú owó ọ̀sẹ̀ lébírà sì dá a padà, kọ́bọ̀ kò gbọdọ̀ dín. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí Àdéhùn 155 ti ILO, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, láti 1994, ó sì wà nínú àdéhùn náà pé ètò ààbò kò gbọdọ̀ ná òṣìṣẹ́ lówó.