Íápíìsì Oníwáyà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà

Ní oṣù Kejì tó kọjá, mo jókòó ti ìyá bàbá mi nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì gba ohùn wọn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 44. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi dá lórí bí àwọn àgbà àdúgbò wa ṣe ń pe ìró s àti ṣ, Màmá sì fi ìtàn ìjàpá mẹ́ta ta mí lọ́rẹ. Íápíìsì Bluetooth tí mo fi oṣù mẹ́ta tu owó rẹ̀ jọ ni mo fi gbà á. Orin máa ń dún gan-an nínú rẹ̀, mo sì rò pé ohun tó lè gbé orin jáde tó bẹ́ẹ̀ yẹ kó lè gba ohùn wọlé. Nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ṣí fáìlì náà nínú Praat, láti 4,000 Hz lọ sókè, òfìfo ni. Funfun báláú.

(Ẹ̀yin 200L, Praat kì í fi ohun tó ju 5,000 Hz hàn yín nínú àwòrán ìró, àfi tí ẹ bá yí i pa dà. Ẹ gbé e dé 10,000 kí ẹ tó sọ pé ẹ ti rí ìró s rí.)

Lókè 4,000 yẹn gan-an ni agbára ìró s pọ̀ sí jù. Ti ṣ máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀. Nínú ohun tí mo gbà, ṣ ṣì kù díẹ̀, ṣùgbọ́n s ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di èémí lásán. Mo pa dà sílé ní oṣù Kẹrin láti tún un gbà. Màmá ò janpata, ṣùgbọ́n láàárín oṣù méjì yẹn, wọ́n ti yọ eyín iwájú méjì. Ẹni tó bá ti kọ́ fònẹ́tíìkì mọ iṣẹ́ tí eyín iwájú ń ṣe fún s. Ohùn ti oṣù Kẹrin wà lọ́wọ́ mi, ó mọ́ kedere, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mò ń wá mọ́.

Mo ń sọ èyí torí pé èmi ni wọ́n máa ń wá bi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì pé irú íápíìsì wo ló dára fún orin, èwo ló dára fún géèmù. Ìdáhùn mi ti yàtọ̀ sí ti ọdún tó kọjá.

Ọ̀nà méjì ni Bluetooth ń gbà gbé ohùn. Ọ̀kan wà fún orin: ohùn ń ti inú fóònù lọ sí etí nìkan, àyè rẹ̀ sì fẹ̀. Èkejì wà fún ìpè: ohùn ń lọ, ohùn ń bọ̀, àyè wá há. Ní kété tí máìkì bá ti ṣí, ọ̀nà kejì yìí ló máa bọ́ sí. Lórí ọ̀pọ̀ íápíìsì, ìgbà 8,000 ló ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn tó sàn díẹ̀ ń ṣe é ní 16,000. Ìró tó lè wọlé kò sì lè ga ju ìdajì iye yẹn lọ. Ibẹ̀ ni 4,000 mi ti wá. Bluetooth tuntun tí wọ́n ń pè ní LE Audio fẹ́ tún èyí ṣe, ṣùgbọ́n fóònù àti íápíìsì gbọ́dọ̀ jọ ní in ni, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa kò sì ní in.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Under G, àwọn ọmọ LAUTECH tó ń fi Call of Duty Mobile pa òru, mọ ìṣòro yìí láìmọ orúkọ rẹ̀. Ìbọn ń dún dáadáa, ẹsẹ̀ ọ̀tá ń dún lẹ́yìn. Kí ẹnì kan kàn ṣí máìkì láti pariwo pé ó wà lórí òrùlé, gbogbo géèmù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí rédíò tí wọ́n gbé sínú korobá. Wọ́n á ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Bluetooth máa ń pẹ́. Lórí èyí tí kò wọ́n, ó lè pẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú orin, ẹ kò ní mọ̀ rárá. Nínú géèmù, kí ẹ tó gbọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tá, ó ti yìnbọn.

Èrò mi nìyí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan á bá mi jiyàn: akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa fi etí gidi gbọ́ nǹkan kò gbọdọ̀ fi owó àkọ́kọ́ rẹ̀ ra Bluetooth. Kó ra oníwáyà tó ní máìkì lára. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra Bluetooth lásán máa ra oníwáyà tó ń sọ òótọ́, torí pé kò sí bátìrì tàbí rédíò kékeré nínú rẹ̀ tí ẹ tún ń sanwó fún. Àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣáínà bíi KZ àti Moondrop ló mú kí èyí ṣeé ṣe fún àwa tí owó wa kò tó nǹkan. Wọn kì í ṣàájì í, èyí sì ṣe pàtàkì níbi tí iná ti ń wá nígbà tó bá wù ú. Tí fóònù yín kò bá ní ihò íápíìsì, wáyà kékeré kan wà tí wọ́n máa ń kì bọ ihò ṣájà. Ti Apple gbajúmọ̀ pé ó dára, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n lórí àwọn Android kan, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè tó, torí náà ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi báàsì tàn yín. Tí ẹ bá lọ sí Takie, orin àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń tajà máa fi dán an wò fún yín ni èyí tó ń mi àyà. Mo fẹ́ràn báàsì, ṣùgbọ́n ìró ìsàlẹ̀ tó bá pọ̀ jù máa ń bo ìró òkè mọ́lẹ̀. Àwọn kan nínú kíláàsì wa ní, níwọ̀n bí Yorùbá ti jẹ́ èdè olóhùn, báàsì la nílò jù. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ wo tẹlifóònù àtijọ́: láti 300 Hz sí 3,400 Hz nìkan ló ń gbé. Ìpìlẹ̀ ohùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin wà ní nǹkan bíi 120 Hz, ìyẹn ni pé tẹlifóònù kì í gbé e rárá. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó pe bàbá rẹ̀ lórí tẹlifóònù tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín igbá, igba àti ìgbà. Ọpọlọ ló ń fi àwọn ìró òkè tó ṣẹ́kù tún ìpìlẹ̀ náà kọ́. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í tètè kú. Ohun tó ń kú ni s, ni f, ni èémí, ni ọ̀pá tó kan awọ ìlù.

Orin ilé ni mo fi ń dán íápíìsì wò. Mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ Ògúndáre Fọ́yánmu, oníjàálá Ògbómọ̀ṣọ́ wa. Ohùn ẹnu ni ìjálá. Tí n kò bá gbọ́ ibi tí ó ti mí, íápíìsì náà kò yẹ. Mo á wá gbọ́ àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá: agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí kálukú ní àyè tirẹ̀. Lórí èyí tí báàsì ti pọ̀ jù, agídìgbo á máa dún bí àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀. King Sunny Adé ló kẹ́yìn, àwo Juju Music ti 1982, torí gìtá pọ̀ níbẹ̀. Mo máa ń di ojú, kí n fi ìka tọ́ka sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, lápá òsì tàbí lápá ọ̀tún. Iṣẹ́ kan náà ni etí ẹni tó ń ta géèmù ń ṣe nígbà tó ń wá ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀tá wà. Ọjọ́ kan, alábàágbé mi wọlé bá mi níbi tí mo ti di ojú tí mò ń tọ́ka sí ògiri. Ó ní kí n rọra máa kàwé.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti jáde, tí ẹ ti ń gba owó oṣù, ẹ máa ń bi mí nípa hẹ́dífóònù Sennheiser HD 600. Ó dára. Láti 1997 ló ti wà, àwọn ènìyàn kò sì tíì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n 300 ohm ni, agbára fóònù kò ká a, ẹ ó tún ra amúpìlífáyà sí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ tún ṣí sílẹ̀: orin ń jáde, ariwo ń wọlé. Nílé tí jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta bá yí ká, owó yín ti bọ́ sómi. Ẹ wá èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dé.

Ní ti fáìlì, ẹ má fi dátà ṣòfò. Ohùn tí kò dín kù, bó ṣe wà lórí CD, ń gba nǹkan bíi 10 MB fún ìṣẹ́jú kan. MP3 tó dára jù, 320, ń gba 2.4 MB. Mo ní kí alábàágbé mi máa yí méjèèjì mọ́ra wọn láìsọ fún mi, n kò sì mọ ìyàtọ̀. Iṣẹ́ ìwádìí nìkan ni kí ẹ fi WAV ṣe, ní 44,100.

Ìwọ̀n ohùn náà tún kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tó bá jẹ́ 80 dB, kí ènìyàn má gbọ́ ọ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀. Tó bá di 90 dB, wákàtí 4 péré ni. Ọ̀pọ̀ wa ń yí i sókè torí kó lè bo jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀ ni. Rọ́bà tó bá ihò etí mu dáadáa máa dí ariwo náà, ẹ ó sì lè yí i wálẹ̀. Àwa tí a fẹ́ fi etí jẹun, tí a fẹ́ kọ ohùn àwọn ẹlòmíràn sílẹ̀, kò yẹ kí a ti di adití ní ọmọ ogójì ọdún.

Ní ti àpilẹ̀kọ mi, àbúrò Màmá gbà pé òun á sọ ìtàn fún mi ní ìsinmi tó kọjá. Eyín wọn ṣì pé. Mo fi máìkì oníwáyà há ìró wọn lọ́rùn, wọ́n ní ṣé mo rò pé àwọn fẹ́ sá lọ ni mo fi so àwọn lókùn. Ìró s wọn dé 9,000 Hz. Máìkì náà wà lọ́wọ́ mi; ẹni tó bá fẹ́ yá a fún iṣẹ́ tirẹ̀ lè wá bá mi ní kíláàsì 400L. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń yáni.