Àwòrán Kì í Ṣe Ìwé Atúmọ̀-Èdè

Àṣà kan ti gbilẹ̀ láàrin àwa olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ tí ó yẹ kí a ta kò. Bí a bá gbé àwòrán tàbí ewì síwájú akẹ́kọ̀ọ́, tábìlì ìtumọ̀ ni a kọ́kọ́ ń fún un: pupa dúró fún ẹ̀jẹ̀, dúdú fún ikú, ìjì fún ìbànújẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ a há a sórí, a sì fún un ní máàkì. Èmi kò gbà pé ìṣelámèyítọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwòrán Pyramus àti Thisbe tí Nicolas Poussin, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó fi Róòmù ṣe ibùgbé, yà ní 1651, tí ó wà ní Städel ní Frankfurt, ilẹ̀ Jámánì. Nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ tí Ovid sọ, Pyramus rí ìbòrí olólùfẹ́ rẹ̀ tí abo kìnnìún ti fi ẹ̀jẹ̀ yí, ó rò pé ó ti kú, ó fi idà gún ara rẹ̀. Nígbà tí Thisbe dé bá òkú rẹ̀, idà kan náà ni òun náà lò. Nínú àwòrán náà, ìjì ń jà, mànàmáná ń kọ, kìnnìún kọlu àwọn darandaran. Thisbe na apá méjèèjì, ó ń sáré bọ̀ síbi òkú. Tábìlì á ní: ìjì ni ìbànújẹ́ Thisbe, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ṣùgbọ́n adágún kan wà láàárín àwòrán náà. Ó pa lọ́lọ́, ó ń dán bí dígí. Afẹ́fẹ́ tí ó ń tẹ igi kò kàn án. Ṣé omi dúró fún àlàáfíà ni? Àlàáfíà ta ni, níbi tí òkú nà gbalaja sí?

Poussin kọ lẹ́tà sí Jacques Stella nípa iṣẹ́ yìí. Afẹ́fẹ́, eruku, àwọn tí ó ń sá, títí dé orí ajá tí ó ń gbó lókèèrè, ó kà wọ́n. Ẹ̀yìn wọn ni ó tó dárúkọ olólùfẹ́ méjèèjì. Kò mẹ́nu ba adágún rárá. (Ayàwòrán kọ́ ni ó ni gbogbo ìtumọ̀ iṣẹ́ rẹ̀.) Lójú tèmi, àárín ìjì yẹn àti omi yìí ni ipò ọkàn àwòrán náà wà. Darandaran ń du ẹ̀mí tirẹ̀, omi kò mira, kò sí ẹni tí ó bojú wo Thisbe. Ẹkún rẹ̀ kò kan ayé. Ohun tí ó bani lẹ́rù níbẹ̀ nìyẹn, kò sì sí nínú tábìlì kankan.

Àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ èyí. Ohùn òkè àgbà ọkùnrin lè wà nísàlẹ̀ ju ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé lọ. Ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni a fi ń dá a mọ̀. Ta ni yóò wá sọ pé ohùn òkè dúró fún ayọ̀? Bákan náà, pupa èso igi inú ìtàn Ovid ń ṣiṣẹ́ nítorí pé funfun ni èso náà kí ẹ̀jẹ̀ Pyramus tó ta sí i.

Àwọn kan yóò ní bí kò bá sí tábìlì, ohun tí ó bá wu akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò máa sọ. Rárá o. Kí ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí ó ti rí i. Ẹ má bi í ní ohun tí adágún dúró fún. Ẹ bi í léèrè ìdí tí omi yẹn kò fi mì.