Ọkọ̀ Èrò Ni Kí Ẹ Wọ̀ Dé Kétu

Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ mi ló ń sọ pé àwọn ti mọ Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n sanwó fún àwọn tó ń kó èèyàn lọ ṣe fàájì, ọkọ̀ ńlá tó tutù bí inú fìríìjì gbé wọn kúrò l'Ékòó láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ya fọ́tò lórí omi ní Ganvié, wọ́n ya òmíràn ní Wídà níwájú ẹnubodè etí òkun tí wọ́n kọ́ ní ìrántí àwọn tí a kó lẹ́rú, wọ́n jẹ ẹja yíyan ní Kútọnu. Nígbà tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti padà sílé. Bí mo bá bi wọ́n pé ta ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, orúkọ ara wọn ni wọ́n ń dá.

Èmi kò gbà pé ìrìn àjò nìyẹn. Ọmọ Yorùbá tí ara rẹ̀ le, tó sì fẹ́ mọ Bẹ̀nẹ̀, ọkọ̀ èrò ni kó wọ̀. Kí ó gbé àpò kan kọ́ ẹ̀yìn, kí ó máa ti gáréèjì kan bọ́ sí òmíràn, kí ó jókòó ti àwọn tó ni ilẹ̀.

Ilẹ̀ náà kò tóbi tó bí a ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Láti etí òkun dé odò Ọya lókè, nǹkan bí 700 kìlómítà ni. Láti Abẹ́òkúta tí mo ń gbé sí Kétu, ìlú Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀, kò pé 100 kìlómítà bí ẹyẹ bá fò ó tààrà. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló fọwọ́ síwèé ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 tí wọ́n fa ìlà gba àárín wa. Kétu bọ́ sí apá kan, Abẹ́òkúta bọ́ sí ìkejì, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè. Ọdún mẹ́ta péré ṣáájú rẹ̀ ni ogun Dàhòmì ti fọ́ Kétu, tí wọ́n kó àwọn ará ìlú lọ sí Àgbómẹ̀. Ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, ẹ̀ka ẹ̀sìn òrìṣà kan wà tó ń jẹ́ Ketu títí dòní. Àwọn tí wọ́n kó sọdá òkun kò gbàgbé orúkọ ìlú yìí. Àwa tí a wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, Dubai la mọ̀.

Ní ìrìn tí mo rìn kẹ́yìn, mo wọ ọkọ̀ ní Ìgólo, ní òdìkejì Ìdìrókò. Mọ́tò tó yẹ kó gbé èrò mẹ́rin, mẹ́fà ló gbé: méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Kò sì ní gbéra àfi tó bá kún. A jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan ó lé díẹ̀. N kò ka wákàtí náà sí òfò, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan tó ń lọ sí Pọ́bẹ̀ gbé agbọ̀n lé itan, ó ń fetí sí bí èmi àti awakọ̀ ṣe ń dúnàá-dúrà lórí owó àpò mi (owó àpò yàtọ̀ sí owó èèyàn lọ́hùn-ún, kí ẹ mọ̀). Ó wá yíjú sí mi.

“Bọ̀dá, àṣé ẹ̀yin ará Nàìjíríà náà ń sọ Nàgó?”

Mo ní, “Yorùbá là ń pè é lọ́dọ̀ wa, Màmá.”

“Ẹ̀yin lẹ fún un lórúkọ yẹn,” ló dá mi lóhùn. “Nàgó ni.”

A jiyàn ọ̀rọ̀ náà kọjá Ìfàǹhìn, a jiyàn rẹ̀ kọjá Sákétè. Orúkọ tí wọ́n yá lọ́wọ́ Faransé ló fi ń pe ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, èmi ń pè é ní súkúù. Àwa méjèèjì la ti lọ yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àlejò, oníkálukú lọ́wọ́ ẹni tó gba ilẹ̀ tirẹ̀. Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ààlà yìí, kò sí èyí tó yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ dídùn nìkan ni mo ṣe ń jà fún ọkọ̀ èrò. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni owó ojú ọ̀nà. Láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì láìgba físà, kí ó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́, bí ìwé rẹ̀ bá ti pé. Ìwé tèmi pé. Síbẹ̀, ní ojú ààlà kan, ẹnìkan tó wọ aṣọ ìjọba ki ìwé náà sí abẹ́ apá, ó ní kí n wá nǹkan fún àwọn ọmọ. Bí a ti kúrò níbẹ̀, okùn tí wọ́n ta dí ọ̀nà láti gbowó la bá. A kọjá ìyẹn, òmíràn tún yọ. Gbogbo èrò inú ọkọ̀ ló mọ iye tí kálukú máa yọ sílẹ̀, wọ́n ti ká a sọ́wọ́ kí a tó débẹ̀. Ìyá Pọ́bẹ̀ di tirẹ̀ mọ́ etí ìró.

Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ fàájì kì í rí èyí. Ẹni tó ṣètò ìrìn ti yọ ọ́ nínú owó tí wọ́n san l'Ékòó, kọ́tìnnì bo wíńdò, fíìmù ń lọ níwájú. Bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyí gan-an ni lọ́yà, oníròyìn, ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀gá báńkì, àwọn tí ohùn wọn ń dé Àbújá. Ìdí pàtàkì tí ìwà ìbàjẹ́ yìí fi ta gbòǹgbò, lójú tèmi, ni pé àwọn tó lè pariwo ti sanwó kí wọ́n má baà rí i. Kí ogún lọ́yà jókòó sínú ọkọ̀ èrò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, kí wọ́n kọ̀ láti san kọ́bọ̀, kí wọ́n máa béèrè rìsíìtì ní gbogbo ibi tí okùn bá wà. Ẹ ó rí i bí okùn yóò ṣe máa ká ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Wọ́n á ní mo fẹ́ kí èèyàn kú sọ́nà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kì í ṣe àwàdà, n ó sì dáhùn rẹ̀. Lóòótọ́, ọkọ̀ náà ń kún ju bó ti yẹ lọ, taya rẹ̀ sì lè ti jẹ. Ẹ má rìn lóru. Ẹ wo taya kí ẹ tó wọlé, bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dúró de èyí tó kàn. Ẹni tó bá lágbára lè san owó ààyè méjèèjì iwájú fún ara rẹ̀. Lápá àríwá, lẹ́bàá ààlà Burkina Faso àti Niger, àwọn agbébọn ti ń ṣọṣẹ́ láti ọdún 2021. Ẹ má dé ibẹ̀, ìbáà ṣe nínú ọkọ̀ èrò, ìbáà ṣe nínú ọkọ̀ oníkọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n ẹni ọgbọ̀n ọdún tó ń wọ dánfó lójoojúmọ́ l'Ékòó, tó wá ń sọ fún mi pé ọkọ̀ Bẹ̀nẹ̀ léwu, kí ó lọ wá àwáwí mìíràn.

Èdè Faransé ńkọ́? Láti Ìgólo dé Kétu, n kò sọ tó ọ̀rọ̀ Faransé mẹ́wàá. Ní Ìdáàṣà láàárín àwọn òkè olókùúta, àti ní Sábẹ̀, bákan náà ni. Bohicon nìkan, nílẹ̀ Fọn, ni ahọ́n mi ti wúwo. Ọmọdébìnrin tí mo ra àkàsà lọ́wọ́ rẹ̀ ka ṣẹ́ńjì sẹfà sí mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ojú mi bóyá ó yé mi.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń fi parí ìjà ni pé kí ló wà ní Kétu tí èèyàn fi máa jìyà débẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà níbẹ̀, èyí tí UNESCO kéde fún gbogbo ayé ní 2001. Àkàbà Ìdẹ̀na wà níbẹ̀, ẹnubodè àtijọ́ tó ń ṣọ́ ìlú nígbà ogun. Ọmọkùnrin kan ló fi ọ̀kadà gbé mi lọ síbẹ̀. Sémíjàn ni wọ́n ń pe ọ̀kadà lọ́hùn-ún. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó dúró dè mí, ó bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Mo ní Abẹ́òkúta. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ìyá àgbà òun ń ná ọjà Abẹ́òkúta nígbà ayé rẹ̀, pé àdìrẹ ló máa ń rà bọ̀. Mo bi í bóyá òun náà ti débẹ̀ rí. Ó ní rárá, pé owó tí wọ́n ń gbà nídìí okùn, ní àlọ àti àbọ̀, ju ohun tí òun ń pa láti àárọ̀ Ajé dé ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ lọ.