Nígbà tí gbogbo adájọ́ bá jókòó: ohun tí ẹjọ́ Kleber kọ́ wa ní Chicago

Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ pé bí ìdájọ́ kò bá tẹ́ni lọ́rùn, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ló kàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹni tó borí níbẹ̀ lè padà pàdánù nínú ilé ẹjọ́ kan náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Dale Kleber nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì kan gbogbo ẹni tó ti pé ogójì ọdún tó ń wáṣẹ́ nílùú yìí.

Lọ́dún 2014, Kleber, lọ́yà ẹni ọdún 58, kọ̀wé béèrè iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ CareFusion. Ìkéde iṣẹ́ náà ní ìrírí ẹni tí àwọn ń wá kò gbọdọ̀ ju ọdún 7 lọ. Ẹni ọdún 29 ni wọ́n gbà. Kleber pẹjọ́ lábẹ́ òfin ọdún 1967 tó ń dáàbò bo ẹni ogójì ọdún sókè lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní bí iléeṣẹ́ kò tilẹ̀ ní àgbàlagbà lọ́kàn, irú gbèdéke bẹ́ẹ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Chicago ló ń gbọ́ ẹjọ́ láti Illinois, Indiana àti Wisconsin. Adájọ́ mẹ́ta ló sábà máa ń jókòó. Lóṣù kẹrin ọdún 2018, méjì nínú àwọn mẹ́ta náà gbè sẹ́yìn Kleber. Iléeṣẹ́ náà wá bẹ̀bẹ̀ pé kí gbogbo adájọ́ tún un gbọ́. Irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà wọlé: àfi kí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn adájọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ dìbò fún un, yálà torí pé ìdájọ́ ilé ẹjọ́ náà ń tako ara wọn, tàbí torí pé ọ̀rọ̀ náà wúwo.

Lọ́jọ́ 23, oṣù kìíní, ọdún 2019, adájọ́ 12 dájọ́. Mẹ́jọ, tí Amy Coney Barrett wà lára wọn, sọ pé òṣìṣẹ́ ni abala òfin yẹn ń dáàbò bò, kì í ṣe ẹni tó ṣì ń wáṣẹ́. Mẹ́rin kò fara mọ́ ọn. Lóṣù kẹwàá, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ náà.

Nílé, ìwé òfin Nàìjíríà ló ti sọ iye adájọ́ ṣáájú. Márùn-ún ló sábà máa ń jókòó nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Méje ló gbọ́ ẹjọ́ ìbò ààrẹ tí wọ́n dá lọ́jọ́ 26, oṣù kẹwàá, ọdún 2023. Níbí, ẹ̀yìn tí àwọn mẹ́ta bá ti sọ̀rọ̀ tán ni èrò máa ń pọ̀ sí i, àwọn adájọ́ fúnra wọn ló sì ń yan ẹjọ́ tí wọ́n máa tún gbọ́.

Lójú tiwa, pípọ̀ adájọ́ kò sọ pé ẹjọ́ á tọ́ jù. Ohun tó ń ṣe ni pé kí ilé ẹjọ́ fi ohùn kan sọ̀rọ̀, ohùn yẹn sì lè gba ohun tí èèyàn ti ní lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó borí níwájú adájọ́ mẹ́ta kò gbọdọ̀ tíì jó.

Ẹ̀yin òbí wa tó ń wáṣẹ́, ẹ má ṣe sọ ìrètí nù. Kíkọ èèyàn nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, tó bá jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ṣì lòdì sófin. Ẹ tọ́jú ìkéde iṣẹ́ àti lẹ́tà tí wọ́n bá kọ sí yín. Ní Illinois, ọjọ́ 300 lẹ ní láti fi ẹjọ́ sun àjọ EEOC.