Ẹ Sọ Ìdí Ààlà Fún Wa

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwa ọmọ Yorùbá tí a dàgbà sí Okpoko lẹ́gbẹ̀ẹ́ Onitsha kò lè ní wọn kò kọ́ wa. Iléèwé, ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀ṣì: ibẹ̀ ni ààlà wa mọ. Bí a bá béèrè ìdí, ìgbátí ni ìdáhùn. Àdúgbò náà kún bí ọjà, a sì mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba àwọn òbí wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ wa mọ́, àwọn kan nínú wa ṣe bí ewúrẹ́ tó já okùn.

A kò ní kí ẹ má bá ọmọ wí o. Élì bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò dá wọn lẹ́kun. Ojú gbogbo wa ni Bíbélì ṣe sọ ibi tó já sí. Síbẹ̀, nínú Éfésù 6:4, Pọ́ọ̀lù kọ́kọ́ kìlọ̀ fún baba kó má mú ọmọ bínú, kó tó dárúkọ ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ sọ ìdí òfin. Ẹ má fi okùn ọmọ ọdún mẹ́fà so ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Bí ẹ bá ní irọ́ kò dára, ẹ má rán wa sí onílé pé ẹ kò sí nílé. Ọmọ tó mọ ìdí ààlà ni yóò pa á mọ́ lẹ́yìn yín.